Ọ̀rọ̀ Tí Kò Ní Ohùn: Ọmọ Barking, Ẹgbẹ́ Wilco àti Oríkì Ìyá Bàbá Mi

Lónìí, ìtàn àwo orin kan ni mo fẹ́ sọ fún yín. Kì í ṣe fújì, kì í ṣe jùjú, kì í ṣe Afrobeats. Orin country ni, orin àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà. Ẹ má tíì pa fídíò náà o. Tí mo bá parí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ilé wa ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò. Gbogbo yín lẹ mọ títì A13, tó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lọ sí etí òkun. Ọmọ Barking kan wà tó fi títì yẹn kọ orin. Billy Bragg ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1957 ni wọ́n bí i níbí. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní orin olókìkí kan nípa títì tiwọn, Route 66. Bragg mú irú orin yẹn, ó yọ orúkọ àwọn ìlú Amẹ́ríkà kúrò, ó fi orúkọ ìlú ẹ̀bá A13 sí i. Ẹni tó ń rí A13 lójoojúmọ́, kí ló fẹ́ fi Route 66 ṣe?

Ó dáa. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Woody Guthrie. Ọdún 1912 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Oklahoma. Olórin mẹ̀kúnnù ni. Ó kọrin nípa àwọn àgbẹ̀ tí ọ̀dá àti eruku lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí owó ọ̀yà wọn kò tó jẹun. Àìsàn kan tó ń jẹ́ Huntington ló mú un, àìsàn ọpọlọ tí òbí máa ń bí mọ́ ọmọ. Òun náà ló pa ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, àìsàn yìí gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1967.

Nígbà tó kú, ó fi ọ̀rọ̀ orin tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan sílẹ̀ nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ nìkan. Guthrie kì í kọ ohùn orin sílẹ̀. Inú orí rẹ̀ ni ohùn wà. Bí orí yẹn ṣe lọ, ohùn náà bá a lọ.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Nora Guthrie, ló ń tọ́jú àwọn ìwé náà nígbà yẹn. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, ó pe Billy Bragg, ọmọ Barking wa, pé kó wá fi ohùn tuntun sí ọ̀rọ̀ bàbá òun. Kò fẹ́ orin ìrántí òkú; orin tuntun ló fẹ́, tí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà yẹn máa gbọ́. Bragg náà kò dá a ṣe. Ó pe ẹgbẹ́ olórin Wilco láti Chicago. Ọdún 1994 ni ẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀. Orin country ni ìpìlẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í gbà kó dúró sójú kan. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí ni wọ́n máa ń dán wò. Ní ọdún 1998, àwo orin náà jáde. Mermaid Avenue ni wọ́n pè é, orúkọ títì tí Guthrie àti ìdílé rẹ̀ gbé ní Coney Island, ní New York. Apá kejì jáde ní ọdún 2000, apá kẹta ní 2012. Ọ̀rọ̀ òkú di orin alààyè.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ ilé wa.

Ìbàdàn ni ìyá bàbá mi gbé. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, ó ki oríkì ìdílé wa fún mi lórí fóònù, mo sì ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé iléèwé mi. Bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo kọ ọ́: kò sí àmì lókè, kò sí àmì nísàlẹ̀. Mámà ti lọ báyìí, ṣùgbọ́n ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ní ìlà kẹta, mo kọ "omo oloko". Ṣé olóko ni, ẹni tó ni oko? Ṣé ọlọ́kọ̀ ni, ẹni tó ni ọkọ̀ ojú omi? Àbí ọlọ́kọ́, ẹni tó ni ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè? Mo bi bàbá mi. Ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ó ní, "Mi ò dúró gbọ́ ọ délẹ̀ rí. Iléèwé ni mo wà."

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ Guthrie ti dé ilé wa. Ẹnìkan lè sọ pé, "Kí ló le níbẹ̀? Ṣe bíi Bragg, fi ohùn tuntun sí i." Rárá o. Ibí yìí gan-an ni Yorùbá ti yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gba ohùn tí o bá fún un. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ní ohùn tirẹ̀ láti inú ilé wá. Yí ohùn náà padà, o ti sọ nǹkan mìíràn. Ìdí nìyẹn tí dùndún fi lè sọ̀rọ̀ láìní ahọ́n.

Àwọn àgbà wa ti jà fún ọ̀rọ̀ yìí rí. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì mú orin ìsìn wá, wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Yorùbá, wọ́n sì fi ohùn òyìnbó sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìjọ á máa kọrin, ohùn á máa gòkè níbi tó yẹ kó sọ̀, ọ̀rọ̀ á sì dàrú. Ọ̀kan lára àwọn tó wá àtúnṣe ni Thomas Ekundayo Phillips. London níbí ló ti kẹ́kọ̀ọ́ orin, ní Trinity College of Music. Láti ọdún 1914 títí di 1962, òun ló ń tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó. Ó kọ orin ìsìn tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá, ó sì kọ ìwé Yoruba Music, tó jáde ní 1953.

Àwọn olórin jùjú náà ní tiwọn. Orin country àti orin àwọn ará Hawaii ló sọ gìtá pedal steel di olókìkí, gìtá tí wọ́n máa ń tẹ́ síwájú, tí wọ́n á máa fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀. King Sunny Adé mú un wọ inú jùjú, Demola Adepoju ló ń ta á. Ẹ tẹ́tí sí àwo Juju Music ti ọdún 1982. Sí etí tèmi, irin yẹn ń yọ̀ láti ìsàlẹ̀ sókè bí ẹnu Yorùbá ṣe ń ṣe. Wọ́n gba gìtá onígìtá, wọn kò fi ohùn wọn san owó rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo pe àbúrò ìyá àgbà mi. Mo ka ìlà kẹta fún un. N kò tíì kà á tán tó fi gbà á lẹ́nu mi: ọlọ́kọ́! Ó ní alágbẹ̀dẹ ni wá, àwọn bàbá wa ló ń rọ ọkọ́. Mo ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi láti ọdún yìí wá pé ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Mo wá ka ìlà kẹfà àti ìkeje. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní, "Ìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló mọ̀ ọ́n."

Ìlà méjì yẹn ti lọ nìyẹn. Kò sí Bragg, kò sí Wilco, tó lè bá mi mú wọn padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà láyé, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta fún mi. Ẹ tẹ fóònù yín kó gba ohùn wọn sílẹ̀. Tí ẹ bá kọ ọ́, ẹ fi àmì sí i lókè àti nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kà á padà sí wọn létí, kí wọ́n tún un ṣe nígbà tí ẹnu wọn ṣì wà. Ẹ má sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀ tí ẹ bá lọ sílé.