Bí Ilẹ̀ Oko Wa Ṣe Gba Orúkọ Ìlú

Ìlú ni ẹ mọ Ìwó, Ẹgbẹ́dá àti Àpòmù sí. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ mọ̀ wọ́n sí orúkọ ilẹ̀ pẹ̀lú. Smyth àti Montgomery ló kọ nípa wọn nínú ìwé tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1962.

Kòtò ni irú àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbẹ́ nínú igbó àti oko. Wọn á wo ara kòtò láti òkè dé ìsàlẹ̀: àwọ̀ rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀. Wọn á fi ìka tẹ ẹ́ bóyá yanrìn ni tàbí amọ̀, wọn á sì wádìí àpáta tó jẹrà di ilẹ̀ náà. (Àwọn baba wa náà ń fi igi inú igbó mọ ilẹ̀ ọlọ́ràá.)

Ilẹ̀ Àpòmù jẹ́ yanrìn tí òjò wọ́ wá sí ìsàlẹ̀ òkè. Omi kì í pẹ́ nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Ìtagúnmódi, lápá Iléṣà, pupa, ó jinlẹ̀, amọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì ń mú omi dúró de kòkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, kí ẹ tó gbin kòkó, ẹ gbẹ́ kòtò tó mu èèyàn dé àyà, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.