Owó Orí Kọ́, Awakọ̀ Kọ́

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ oníléeṣẹ́ bí a ṣe ń mọ iye tí ọjà ná wa, kò ní í pẹ́ kọsẹ̀. Ìnáwó kan wà tí kì í ṣe ti ọjà kan ṣoṣo: owó iná, owó ilé, owó oṣù ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́. Òyìnbó ń pè é ní "overhead", pé ó wà lókè orí. Bí a bá tú u bẹ́ẹ̀, owó orí nìyẹn, agbowó-orí á sì ti kan ilẹ̀kùn. Ìnáwó àjọlò ni mo pè é, torí gbogbo ọjà ló jọ ń lò ó.

Bí a ó ṣe pín in ni wàhálà. Ní ilé iṣẹ́ John Deere kan tó ń ṣe ẹ̀yà ara katakata ní Amẹ́ríkà, wákàtí iṣẹ́ ọwọ́ àti ti ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń pín púpọ̀ nínú rẹ̀ nígbà kan. Ẹ̀yà tí wọ́n ń ṣe rẹpẹtẹ wá ń ru ẹrù ẹlẹ́rù. Èyí tí wọ́n ń ṣe díẹ̀díẹ̀ dà bí ọjà ọ̀pọ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ́ kí wọ́n máa tún ẹ̀rọ tò ṣáá. Robin Cooper àti Robert Kaplan ti Harvard wà lára àwọn tó là á yé ayé: ní 1988, wọ́n kọ̀wé pé ohun tí à ń ṣe gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ ṣírò owó rẹ̀, ká tó wo ọjà tó ń lò ó.

Kí la ó pe "ohun tí à ń ṣe" yìí? Iṣẹ́ ti fẹ̀ jù. Ìgbésẹ̀ ló ṣe wẹ́kú. Àmọ́ bí mo bá kọ "ìṣirò onígbèésẹ̀", ẹni tó bá yára kà á, onígbèsè ló máa rí. Mo yáa mú ìṣirò atẹ̀lé-ìgbésẹ̀. Ohun tó ń fa ìnáwó, tí Òyìnbó ń pè ní "driver", ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ jókòó sí gáréèjì rẹ̀; okùnfà ti wà nílé tipẹ́.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò nídìí ìkòkò aró. Ká ní ẹ̀lú, eérú àti igi ìdáná jẹ́ ₦24,000 fún aṣọ 20. Bí a bá pín in lọ́gbọọgba, ₦1,200 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n 10 nínú wọn wọ aró lẹ́ẹ̀mẹta péré, 10 yòókù wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án kí wọ́n tó dúdú dáadáa. Ìgbà 120 ni gbogbo rẹ̀, ₦200 fún ẹ̀ẹ̀kan. Aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ jẹ ₦600, aṣọ dúdú jẹ ₦1,800. Owó ìkòkò ni ìnáwó àjọlò, rírẹ ni ìgbésẹ̀, iye ìgbà tí aṣọ wọ aró ni okùnfà. Aláró tó ń ta méjèèjì ní iye kan náà ń fi èrè aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ bọ́ aṣọ dúdú.

Àwọn tó sọ aṣọ náà ní àdìrẹ ti to ìgbésẹ̀ méjì sínú orúkọ rẹ̀: dì í, rẹ ẹ́. Owó ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló kù ká kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.