Owó Tí Wọ́n Ń Yọ Lára Owó Oṣù Àwọn Ọmọ Wa Tó Ń Ṣiṣẹ́ Lẹ́yìn Ẹ̀kọ́ ní Òkè Òkun

Nígbà tí ọmọ Ararọ̀mí-Ọ̀pin tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà bá gboyè, òfin ibẹ̀ fún un láyè láti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 nínú ìmọ̀ tó kọ́, lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní OPT. Bí ó bá jẹ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ẹ̀rọ tàbí ìṣirò ló kà, ó lè bèèrè fún oṣù 24 sí i. Owó oṣù iṣẹ́ yìí ni àwọn òbí nílé sábà máa ń fojú sọ́nà fún, pàápàá bí gbèsè owó ilé-ẹ̀kọ́ bá ṣì wà nílẹ̀. A fẹ́ ṣàlàyé ohun tí agbanisíṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti yọ nínú rẹ̀ àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ yọ.

Owó orí gan-an kò yọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà yóò gba tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀ náà yóò sì gba tiwọn. Ṣùgbọ́n owó mìíràn wà tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù: 6.2 nínú ọgọ́rùn-ún fún Social Security, èyí tí í ṣe owó ìfẹ̀yìntì, àti 1.45 nínú ọgọ́rùn-ún fún Medicare, èyí tí í ṣe ìtọ́jú ìlera àwọn àgbàlagbà. Agbanisíṣẹ́ náà ń san iye kan náà láti àpò tirẹ̀. Owó kejì yìí ni òfin yọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ní físà F-1 sílẹ̀ nínú rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì lo ju ọdún márùn-ún lọ ní orílẹ̀-èdè náà, títí kan àkókò OPT.

Bí wọ́n ṣe ń ka ọdún márùn-ún náà ló máa ń rú àwọn ènìyàn lójú. Ọdún kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń kà, ọjọ́ díẹ̀ nínú ọdún kan sì tó láti sọ ọ́ di odidi. Ẹni tó dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ti lo ọdún 2021, 2022, 2023, 2024 àti 2025. Láti oṣù Kìíní ọdún 2026, bí ó bá ṣì ń gbé ibẹ̀, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó náà. Bí físà rẹ̀ bá yí padà sí ti òṣìṣẹ́, bí i H-1B, ìyọ̀ǹda náà dópin lọ́jọ́ yẹn. Ìyàwó tàbí ọkọ tó bá a lọ pẹ̀lú físà F-2 kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn agbanisíṣẹ́ kan kò mọ òfin yìí, wọ́n sì ń yọ owó tí kò tọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: lórí 3,000 dọ́là lóṣù, 229.50 dọ́là ni yóò lọ, ìyẹn 2,754 dọ́là lọ́dún. Owó náà ṣeé gbà padà. Ẹ wo ìwé W-2 tí agbanisíṣẹ́ ń fúnni ní ìparí ọdún: àpótí 4 àti 6 ni iye tí wọ́n yọ wà. Agbanisíṣẹ́ ni kí ọmọ náà kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá kọ̀, kí ó fi Form 843 àti Form 8316 ránṣẹ́ sí àjọ IRS, pẹ̀lú ẹ̀dà W-2, físà, I-94, I-20 àti káàdì àṣẹ iṣẹ́. Ẹni tó ti padà sílé kò pàdánù ẹ̀tọ́ yìí, ṣùgbọ́n àkókò ní òpin. Fún owó tí wọ́n yọ ní ọdún 2023, ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2027 ni gbèdéke. Ẹ má jẹ́ kí alágbàṣe kankan gba ìdajì owó náà lọ́wọ́ yín. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù méjèèjì.

Àǹfààní yìí ní apá kejì. Owó tí a kò san kò lè so èso: ọdún wọ̀nyẹn kì í wọ inú ìṣirò owó ìfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà, èyí tó ń béèrè nǹkan bí ọdún mẹ́wàá iṣẹ́. Nàìjíríà kò sì ní àdéhùn pẹ̀lú wọn láti pa ọdún iṣẹ́ ibí àti tọ̀hún pọ̀. Àwọn aṣòfin kan níbẹ̀ ti gbé àbá láti fagi lé ìyọ̀ǹda náà, wọ́n ní ó ń mú kí agbanisíṣẹ́ fẹ́ràn àjèjì ju ọmọ onílé lọ.

Ní Bìrìtéènì, kò sí irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà lórí físà Graduate ń san National Insurance bí ọmọ onílẹ̀: 8 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tó ju 12,570 pọ́n-ùn lọ lọ́dún, títí dé 50,270.

Bẹ́ẹ̀ náà ni nílé wa. Àjèjì tó kàwé ní Ìlọrin tó sì gba iṣẹ́ síbẹ̀ ń san owó orí lábẹ́ òfin kan náà pẹ̀lú wa, àjọ KW-IRS ló sì ń gbà á fún Ìpínlẹ̀ Kwara. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026, lábẹ́ òfin owó orí tuntun, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí owó orí kàn lọ́dún bọ́ lọ́wọ́ owó orí. ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e ń san 15 nínú ọgọ́rùn-ún.