Orúkọ àti Nọ́ńbà Lórí Wáyà Tẹlifóònù

Abèèrè kì í ṣìnà, bí ẹni tí a bi bá mọ ọ̀nà. Èrò tí ó bọ́ sílẹ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú pẹ̀lú orúkọ onílé nìkan gbọ́dọ̀ bèèrè. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà, nítorí nọ́ńbà ni ó fi ń mọ ilé. Ìwé orúkọ kan ṣoṣo ní California ni gbogbo wọn ń lò kí Paul Mockapetris tó gbé ètò tí ó pín in kalẹ̀ ní 1983. Ìpín Nàìjíríà, .ng, bọ́ sí ọwọ́ Ibukun Odusote ti Yaba College of Technology ní 1995.

Láyé íntánẹ́ẹ̀tì orí wáyà tẹlifóònù, ìpè a wọlé, owó a máa lọ, síbẹ̀ orúkọ kò ní jẹ́. Ọlọ́gbọ́n a tẹ nọ́ńbà dípò orúkọ. Bí ó bá dáhùn, wáyà kò jẹ̀bi. Ẹni tí kọ̀ǹpútà ń bi ni kí a pààrọ̀.