Bátìrì Mẹ́ta, Katakata Kan

Bí fóònù yín bá kọ̀ tí kò gba ṣáàjì, kí lẹ máa kọ́kọ́ fura sí? Bátìrì, àbí? Ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà ṣe nìyẹn.

Katakata Ferguson TE20 ni wọ́n rà ní àlòkù. Coventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, láàárín 1946 sí 1956, iye rẹ̀ sì lé ní 500,000. Irú rẹ̀ ni Edmund Hillary gùn dé South Pole ní 1958. Ṣùgbọ́n tiwa kò lè dé ìdí oko. Òjò ti dé, àgbàdo ń dúró, àràárọ̀ là ń ti katakata kó tó dáhùn. Láàárín oṣù mẹ́rin, Bàbá ra bátìrì mẹ́ta. Owó irúgbìn ni wọ́n fi ra ìkẹta.

Ìgbà náà la pe rìwáyà kan. Ó fi mítà wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: 12 péré. Ó ní ká ní ó ń gba ṣáàjì ni, ó yẹ kó sún mọ́ 14. Ó tẹ bẹ́líìtì wò, ó le dáadáa. Ó wá béèrè pé, "Bàbá, ẹ má bínú, ta ló so bátìrì yìí fún yín?"

Ìbéèrè ìtàn nìyẹn. Láyé ìgbà tí wọ́n ṣe katakata yìí, orí pósítíìfù bátìrì ni wọ́n ń so mọ́ bọ́dì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nẹ́gátíìfù gbòde. Ẹni tó ta bátìrì fún wa so ó bíi ti mọ́tò òde òní.

Dínámò sì ní ìrántí. Irin inú rẹ̀ máa ń tọ́jú òòfà díẹ̀ láti ìgbà tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, ìyẹn ló fi ń bẹ̀rẹ̀ iná. Bí a bá yí orí bátìrì padà láìsọ fún un, òdìkejì ni yóò máa ṣe, kọ́ńtáàtì inú àpótí rẹ̀ yóò sì jó. Rìwáyà fọ kọ́ńtáàtì, ó dá orí bátìrì padà, ó fi wáyà kan láti bátìrì kan ẹnu F lára dínámò, fìrì báyìí, kí irin náà lè rántí. Mítà gòkè lójú wa.

Mọ́tò tuntun kò ní wàhálà yìí. Ní 1960, Chrysler fi alternator sínú Valiant. Dáyóòdù ló ń tún iná rẹ̀ ṣe, irú èyí tó wà nínú ṣájà fóònù yín.

Bátìrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, kò sí èyí tó kú. Ebi ló ń pa wọ́n. Kí ẹ tó ná owó sórí ohun àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é. Ó dìgbà o.