Tábà, Sìgá àti Sìgá Oníbátìrì: Ìbéèrè Àtijọ́ Tí Ó Wọ Aṣọ Tuntun

  

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò ni ti sìgá tí wọ́n ń fi bátìrì mu, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní vape. Ẹni tí ó ti mu sìgá fún ọgbọ̀n tàbí ogójì ọdún, tí ó fẹ́ jáwọ́ tí kò rí i ṣe, ṣé ó lè fi èyí rọ́pò rẹ̀? Àwọn kan a ní haramu ni, ó tán. Àwọn mìíràn a ní oru lásán ni, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dá ẹjọ́ ohun tuntun, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ bí àwọn aṣáájú ṣe dá ẹjọ́ ohun tí ó jọ ọ́. Ìtàn ni mo fẹ́ kí á fi ṣe àtùpà.

1. Bí tábà ṣe dé bá àwọn onímọ̀

Tábà kò sí ní ilẹ̀ Lárúbáwá nígbà ayé Ànábì, kò sì sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Lẹ́yìn ọdún 1492 ni àwọn atukọ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e káàkiri ayé. Kí ọdún 1600 tó pé, ó ti dé Timbuktu àti Mòrókò. Nítorí náà, kò sí ẹni tí yóò rí orúkọ rẹ̀ nínú Kùránì tàbí hadíìsì. Òye ni àwọn onímọ̀ ní láti fi wádìí rẹ̀.

Ahmad Baba, àgbà onímọ̀ Timbuktu, ẹni tí àwọn ọmọ ogun Mòrókò kó lọ sí Marrakesh, kọ ìwé lórí tábà ní nǹkan bí ọdún 1607. Ó ní kì í ṣe haramu, nítorí kì í pa ènìyàn bí ọtí. Ní Íjíbítì, nínú ọ̀rúndún kan náà, àgbà méjì tí àwọn méjèèjì jẹ́ ti mazhab Maliki, èyí tí àwa náà ń tẹ̀ lé ní Ilorin, kọ ìwé tako ara wọn. Ibrahim al-Laqani ní kí àwọn ènìyàn yàgò fún un. Ali al-Ajhuri ní ó tọ́, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti gba làákàyè lọ́wọ́ ẹni. Ẹ kíyè sí i: mazhab kan náà, ìlú kan náà, èsì méjì!

Àwọn ọba náà dá sí i. Ní ọdún 1633, Sultan Murad Kẹrin ti ilẹ̀ Túúkì fi ikú ṣe ìjìyà ẹni tí ó bá mu tábà. Murad kú ní ọdún 1640, tábà kò kú. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Seku Amadu, olórí ìjọba ẹ̀sìn Hamdallahi ní ilẹ̀ Masina, ka tábà léèwọ̀. Àwọn séríkí onímọ̀ Kunta tí wọ́n wà lápá Timbuktu kò gbà fún un, òwò tábà sì wà lára òwò àwọn èèyàn wọn.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ yìí? Kì í ṣe pé ẹnìkan nínú wọn kò mọ ìwé. Ìbéèrè méjì ni ó wà nílẹ̀: ṣé tábà ń pa ènìyàn bí ọtí? Ṣé ó ń pa ara lára? Ojú lásán lè rí ìdáhùn sí èkíní. Ní ti èkejì, ó di ìgbà tí a bá ka àìmọye ènìyàn, tí a sì tẹ̀ lé wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí á tó rí i. Kò sí ẹni tí ó ní irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

2. Bí sìgá ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Kí sìgá tó dé, áṣáà àti ìkòkò tábà ni àwọn àgbà wa mọ̀. Ojú irin dé Ilorin ní ọdún 1908, ọjà òkèèrè sì ń bá a wá. Ní ọdún 1912 ni ilé iṣẹ́ British American Tobacco bẹ̀rẹ̀ òwò ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1937, ilé iṣẹ́ sìgá bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn sì ń gbin tábà fún un. Nígbà tí ó yá, Philip Morris náà ní ilé iṣẹ́ sìgá nínú ìlú Ilorin wa yìí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kàwé yìí, ó yẹ kí ẹ mọ bí ayé ṣe rí nígbà náà. Ìpolówó sìgá wà lórí rédíò, ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó wà lójú títì. Ọdún 1990 ni òfin ìjọba àpapọ̀ tó ká mímu sìgá lọ́wọ́ kò níbi tí èrò pọ̀ sí. Ọdún 2015 ni wọ́n ṣe òfin tí ó le jù ú lọ, tí ó ní a kò gbọdọ̀ tà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àgbà tí a ń bá wí lónìí, ó ti di bárakú fún wọn kí ẹnikẹ́ni tó kìlọ̀ fún wọn. Ẹ jẹ́ á fi èyí sọ́kàn kí á tó la ẹnu.

3. Nígbà tí ìmọ̀ dé

Ní ọdún 1950, Doll àti Hill, onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé sìgá àti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jọ ń rìn. Láti ọdún 1951, wọ́n tẹ̀ lé àwọn dókítà ọkùnrin tí ó lé ní 34,000 fún àádọ́ta ọdún. Èsì tí ó jáde ní ọdún 2004 ni pé amusìgá ń fi bí ọdún 10 kú ṣáájú ẹni tí kò mu ún. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì: ẹni tí ó jáwọ́ ní ọmọ ọdún 60 rí bí ọdún 3 gbà padà, ní 50, ọdún 6, ní 40, ọdún 9, ní 30, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ padà. Ìtumọ̀ èyí ni pé kò tíì pẹ́ jù fún àgbà kankan.

Nígbà tí ìmọ̀ yìí tàn ká, ohùn àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀kan. Ìgbìmọ̀ fátíwà Malaysia ní haramu ni sìgá ní ọdún 1995. Ẹgbẹ́ Muhammadiyah ti Indonesia sọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2010. Ẹ̀sìn kò yí padà o. Ìdí ẹjọ́ ni ó hàn kedere: a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara wa pa ara wa lára.

4. Sìgá oníbátìrì

Hon Lik, apoògùn kan ní Ṣáínà, ni ó ṣe irú èyí tí ó gbòde yìí ní ọdún 2003. Amusìgá paraku ni òun fúnra rẹ̀, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni ó sì pa bàbá rẹ̀. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: bátìrì a mú wáyà gbóná, wáyà a sọ omi tí nikotíìnì wà nínú rẹ̀ di oru, ènìyàn a fa oru náà símú. Nikotíìnì ni ó ń sọ sìgá di bárakú. Ṣùgbọ́n ọ̀dà àti gáàsì olóró tí ó ń jáde nígbà tí ewé tábà bá ń jó ni ó ń pa ènìyàn jù. Níbí, ewé kò jó.

Ṣé ó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ lóòótọ́? Ní ọdún 2019, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí amusìgá 886 tí ó fẹ́ jáwọ́. Lẹ́yìn ọdún kan, nínú 100 tí ó lo sìgá oníbátìrì, 18 ti fi sìgá sílẹ̀; nínú 100 tí ó lo gọ́ọ̀mù àti àwọn oògùn nikotíìnì mìíràn, bí 10 ni. Ìrànwọ́ wà níbẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ó fi sìgá sílẹ̀ nípasẹ̀ rẹ̀, 80 nínú 100 ṣì ń fa oru náà. Wọ́n jáde nínú iná, wọn kò tíì jáde nínú ìdè.

Kò sì yẹ kí á pè é ní afẹ́fẹ́ lásán. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 2019 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2020, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró gbé àwọn afaoru 2,807 dé ilé ìwòsàn tàbí sàréè. 68 ni ó kú. Òróró igbó tí wọ́n lú ní àdàlù ni wọ́n rí i pé ó fa èyí tí ó pọ̀ jù. Ní oṣù December ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ké gbàjarè nítorí àwọn ọmọdé tí ó ń kó sí i. Malaysia pè é ní haramu ní ọdún 2015, Muhammadiyah ní ọdún 2020.

5. Kí ni kí á ṣe?

Bàbá kan tí ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ bi mí léèrè lẹ́yìn ìrun Àsárì lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Àáfà, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti fi sìgá sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó fà mí padà. Ọmọ mi tó wà ní London fi èyí ránṣẹ́. Ṣé kí n jù ú nù ni?”

Mo ní, “Bàbá, bí ẹ bá lè fi méjèèjì sílẹ̀, òun ló dára jù. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ má padà sídìí sìgá nítorí ẹ̀rù èyí.”

Ìlànà fiqhi ni mo gbé e lé: bí ìpalára méjì bá dojú kọ ẹni tí kò sí ọ̀nà kẹta, kí ó mú èyí tí ó kéré. Àmọ́ ìlànà mìíràn so mọ́ ọn: ohun tí ìnira fún ni láyè, ìwọ̀nba ìnira náà ni ó mọ. Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mo máa ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Èkíní, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà, nítorí oògùn tí wọ́n ti yẹ̀ wò fún ìjáwọ́ wà. Èkejì, kí ó má mu méjèèjì pọ̀. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹni tí ó ń fa oru láàárọ̀, tí ó ń mu sìgá lálẹ́, kò tíì kúrò níbi tí ó wà. Ẹ̀kẹta, kí ó máa dín nikotíìnì rẹ̀ kù, kí ó sì dá ọjọ́ tí yóò jù ú nù. Ẹ̀kẹrin, kí ó mọ̀ pé oru náà ń ba ààwẹ̀ jẹ́ bí sìgá ṣe ń bà á jẹ́. Kódà, oṣù Ramadan ni ànfààní tí ó tóbi jù. Ẹni tí ó lè pa ẹnu mọ́ fún bí wákàtí 13 lójúmọ́, fún oṣù kan gbáko, ó ti fi han ara rẹ̀ pé agbára náà wà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìyọ̀ǹda yìí kò kàn yín. Ẹni tí kò sí nínú iná kò nílò ọ̀nà àbáyọ. Igi gaǹgaǹran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹni tí kò mu sìgá rí, tí ó wá ń fa oru olóòórùn èso nítorí fáàrí, bárakú ni ó ń fi owó ara rẹ̀ rà. Kò sí ìpalára kékeré tí ó fẹ́ fi lé ńlá lọ. Ẹnu ọ̀nà ìpalára ni ó ń kàn.

Ẹ̀yin àlùfáà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ rántí Ahmad Baba àti al-Laqani. Bí ẹnìkan bá bi wá nípa ohun tuntun, kí á bi í pé: ta ni yóò lò ó, kí ni yóò fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀, kí ni àwọn onímọ̀ ìlera sì ti rí? Èsì kan náà kò lè bá bàbá ọlọ́dún márùndínláàádọ́rin àti ọmọ ilé ìwé mu. Bí ìmọ̀ bá tún pọ̀ sí i lọ́la, kí á gbà á.

Kí Ọlọ́hun tú gbogbo ẹni tí ó wà nínú ìdè bárakú sílẹ̀, kí Ó sì ṣọ́ àwọn ọmọ wa.