Ínsúlíìnì inú ọpọlọ
Họ́mọ̀nù tí ó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn láti inú pánkíríà dé ọpọlọ, tí ó sì ń ran ìrònú àti ìrántí lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ hàn gan-an ní hippocampus, apá ọpọlọ tí ó ń sọ ohun tuntun di ìrántí. Bí ara kò bá gbọ́ràn sí i mọ́, bíi ti ìtọ̀ ṣúgà oríṣi kejì, ewu iyè rírà ń pọ̀ sí i. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé àrùn Alzheimer, tí ó jẹ́ irú iyè rírà kan, ń mú àgbà 1.15% lọ́dún ní Ìbàdàn, ó sì ń mú 2.52% lára àwọn àgbà aláwọ̀ dúdú Indianapolis, ní Amẹ́ríkà. Ìtọ̀ ṣúgà náà ṣọ̀wọ́n jù ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà.